Ọwọ́ Òsì Mi Fojú Mi Rí Màbo Lọ́jọ́ Ìkórè

Èmi àti ọwọ́ òsì mi kò tíì parí ìjà. Bó bá gbé ife omi báyìí, tìfura-tìfura ni mo fi ń wò ó. Ẹ̀yin tí ẹ wà níbẹ̀ lọ́jọ́ ìkórè, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dákẹ́ ẹ̀rín ná, ẹ jẹ́ kí n ro ẹjọ́ tẹnu mi. Fídíò tí ẹ ń fi ránṣẹ́ kiri lórí WhatsApp yẹn, ìrù ọ̀rọ̀ ló wà nínú rẹ̀, orí ọ̀rọ̀ ò sí níbẹ̀.

Ẹ ṣáà mọ èmi àti dírọ́ọ̀mù ṣọ́ọ̀ṣì wa. Ẹ mọ ti àga tó já lábẹ́ mi ní alẹ́ àìsùn, ẹ sì mọ ìdí tí wọ́n fi fi gíláàsì ká mi mọ́. N ò ní padà sórí ìyẹn.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé mo rí fídíò kan lóru. Ọkùnrin kan ń lu dírọ́ọ̀mù, àmọ́ ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì ò dábùú ara wọn. Ẹ mọ bí àwa ṣe ń lù ú: hi-hat, ìyẹn aro méjì tó dojú kọ ara wọn, wà lápá òsì, snare, ìlù pẹlẹbẹ tó máa ń dún gbàmù, wà láàárín itan, ọwọ́ ọ̀tún á wá gba orí ọwọ́ òsì kọjá lọ bá hi-hat, òsì á ká gúlútú sábẹ́ rẹ̀, á máa yọ́ snare lù. Ìgbà yòówù kí òsì fẹ́ gbéra sókè kí snare lè dún gbàmù, ọrùn ọwọ́ ọ̀tún ni sítíìkì máa ń bá pàdé. Àpá rẹ̀ wà lọ́wọ́ mi, ẹ wá wò ó.

Ta ló ní ká máa lù ú bẹ́ẹ̀? Kò sẹ́nì kan. Láyé àwọn onílù Amẹ́ríkà àtijọ́, ní nǹkan bí ọdún 1920 sókè, aro méjèèjì yẹn wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ òsì, ẹsẹ̀ nìkan ló ń pa wọ́n pọ̀. Nígbà tó yá ni wọ́n fi irin gígùn gbé e sókè kí igi lè kàn án. Apá òsì náà ló ṣì wà. Ọwọ́ ọ̀tún tó jẹ́ alágbára ló sì máa ń di ìlù mú, ló bá di pé ó ń gun orí àbúrò rẹ̀ lọ síbẹ̀. Bí ọmọ ṣe ń jogún gbèsè tí baba rẹ̀ jẹ la ṣe jogún ẹ̀.

Ọkùnrin inú fídíò yẹn ò jogún nǹkan kan. Òsì rẹ̀ ló ń lu hi-hat tó wà nítòsí rẹ̀, ọ̀tún ń lu snare, àyà rẹ̀ ṣí sílẹ̀ gbayawu. Bó bá wu ọ̀tún, á rìn lọ sórí tọ́m, àwọn ìlù tó kù níwájú rẹ̀, á lọ kí ride, aro ńlá tó wà lápá ọ̀tún, á padà wálé, hi-hat ò sì ní dákẹ́. Mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í wá àwọn tó ń lù ú bẹ́ẹ̀ kiri. Mo rí Billy Cobham, tí wọ́n bí ní Panama lọ́dún 1944. Mo rí Simon Phillips, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó wọ ẹgbẹ́ olórin Toto ní 1992. Mo rí Carter Beauford ti Dave Matthews Band, tó ń jẹ ṣingọ́ọ̀mù nídìí ìlù bí ẹni tí kò níṣẹ́ kankan lọ́wọ́.

Mo jí ìyàwó mi pé kó wá wò ó. Ó wò ó díẹ̀. Ó ní, "Dádì, ó dáa. Ẹ lọ sùn."

Iṣẹ́ ọpọlọ kì í tètè yé èèyàn tó bá ti kọjá aago méjì òru.

Ìkórè ti ń bọ̀ lọ́nà nígbà yẹn. Mo pinnu pé ọjọ́ náà gan-an ni gbogbo ìjọ máa rí mi. (Wọ́n rí mi.) Mo kó ìrọ̀rí lé orí bẹ́ẹ̀dì: tèmi ni hi-hat, ti ìyàwó mi ni snare. Ẹ ti mọ èyí tó kọ́kọ́ bẹ́. Òsì mi ò mọ nǹkan kan. Ká sọ̀rọ̀ síbi tọ́rọ̀ wà, láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi, iṣẹ́ òsì mi ò ju kó di nǹkan mú kí ọ̀tún lè gé e lọ. Ẹ bá mi wo Tony Allen, ọmọ Èkó tí wọ́n bí ní 1940, tí òun àti Fela jọ gbé afrobeat dìde. Fúnra rẹ̀ ló kọ́ ara rẹ̀ ní ìlù. Ọwọ́ méjì, ẹsẹ̀ méjì, kálukú ń sọ tirẹ̀, kò sẹ́ni tó ń já lu ọ̀rọ̀ ẹnì kejì. Ìpàdé ẹlẹ́ni mẹ́rin ni, ó sì ní alága. Èmi pe ẹni méjì péré sí ìpàdé, ìjà ni wọ́n ń jà.

Olùkọ́ kan lórí YouTube wá ní kì í ṣe ìdí ìlù nìkan lèèyàn ti ń kọ́ ọwọ́ tí kò lágbára. Ó ní kéèyàn máa fi fọ eyín, kó máa fi ṣílẹ̀kùn, kó máa fi jẹun. Ẹni tó sọ̀rọ̀ yẹn kì í ṣe Yorùbá. Ká ní Yorùbá ni, ìyá rẹ̀ ì bá ti gbá ọwọ́ náà kó tó dàgbà dé ibi tí á ti máa ṣe fídíò.

Àmọ́ mo gbọ́ tirẹ̀. Mo fi òsì fọ eyín, ọṣẹ ìfọyín dé ìpéǹpéjú. Mo fi òsì di bọ́tìnnì, mo pẹ́ níbi iṣẹ́. Mo fi òsì fa irùngbọ̀n, ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ni òsì bẹ̀rẹ̀ sí í mọ̀ ọ́n. Lẹ́yìn náà ló wá mọ̀ ọ́n jù. Ibi tí wàhálà ti wọlé nìyẹn, torí òsì mi ò mọ ìgbà tí a ń kọ́ ìlù yàtọ̀ sí ìgbà tí a wà láàárín èèyàn. Ohun tó bá ti hàn níwájú báyìí, òun ló máa kọ́kọ́ dé ibẹ̀.

Ìyá ìyàwó mi wá kí wa. Nígbà tí wọ́n fẹ́ máa lọ, mo yọ owó mọ́tò, mo sì nà án sí wọn. Mo rí i pé wọn ò gbà á. Wọ́n ń wo ọwọ́ mi. Mo wo ọwọ́ mi. Òsì ni, ó na owó tọwọ́tẹsẹ̀, kò tiẹ̀ gbọ̀n.

Wọ́n yíjú sí ọmọ wọn: "Ṣé mo ṣẹ ọkọ ẹ ni?"

Mo ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Ẹ má bínú, mà. Ìlù ni mò ń kọ́."

"Ìlù wo ni wọ́n ń fi owó mọ́tò kọ́?"

N ò rí èsì fọ̀. Títí di bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí, n ò tíì rí i. Lọ́jọ́ Sunday tó tẹ̀ lé e ni Bàbá Ìjọ na ọwọ́ sí mi lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ̀yin ẹ sáà máa bá mi ka ìyẹn mọ́ ọn.

Ọjọ́ ìkórè wá pé. Mo ní kí n sọ òótọ́: orin àkọ́kọ́ dùn. Highlife ni, ìlù mẹ́rin-mẹ́rin, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Òsì ń lu hi-hat ṣẹ́kẹ́-ṣẹ́kẹ́, ọ̀tún ń sọ snare kalẹ̀, mo gbé orí sókè, mo ń wo ìjọ kiri kí n lè mọ ẹni tó ti rí i. Kò sẹ́ni tó rí i. Ta ló ń wo ọwọ́ onílù? Mo bá fi kún ìṣe mi. Mo fi ọ̀tún kan tọ́m níbi tí kò yẹ kí tọ́m ti dún, mo sì mi orí bí ọkùnrin inú fídíò. Onígítà báàsì wojú mi, ó bi mí bóyá orí ń fọ́ mi.

Ẹ mọ arábìnrin wa tó ń ṣáájú orin. Arábìnrin yẹn kì í sọ fún èèyàn. Bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe já láti highlife bọ́ sínú wórò, láìwẹ̀yìn. Ẹgbẹ́ ìyá ti tò lẹ́sẹẹsẹ pẹ̀lú aṣọ ẹbí, wọ́n ru iṣu, wọ́n ru ọ̀gẹ̀dẹ̀, wọ́n ń jó bọ̀ níwájú pẹpẹ. Ọ̀tún mi gbọ́ wórò, ó gbà á lójú ẹsẹ̀. Ó ti mọ wórò láti kékeré, ó lè lù ú lójú oorun. Òsì ńkọ́? Òsì ò mọ wórò. Highlife ni mo fi kọ́ ọ lórí ìrọ̀rí, highlife náà ló sì ń lù lọ. Ẹsẹ̀ mi tó ń tẹ bass drum gbọ́ ti ọ̀tún, ó gbọ́ ti òsì, ó dúró.

Ìyá Ìjọ ló wà níwájú, wọ́n gbá àkùkọ ìdúpẹ́ mọ́ àyà. Wọ́n ti gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún sókè. Ìlù ló yẹ kó sọ ibi tí ẹsẹ̀ yẹn máa bọ́ sí, ìlù ò sì sọ nǹkan kan tó nítumọ̀. Ẹsẹ̀ dúró sókè. Gèlè ń mì, ẹsẹ̀ ò bọ́. Àwọn tó wà lẹ́yìn wọn náà gbé tiwọn dúró, nítorí ta ni yóò sọ ẹsẹ̀ kalẹ̀ nígbà tí ti Ìyá Ìjọ wà lókè? Mo ń wò wọ́n látinú gíláàsì. Ẹsẹ̀ yẹn pẹ́ lókè tó fi jẹ́ pé akọ̀wé ìjọ ì bá ka gbogbo ìkéde tán, kí ó sì tún ka orúkọ àwọn tó jẹ owó ilé. Àkùkọ ló kọ́kọ́ ṣe nǹkan. Ó na ọrùn, ó kọ.

Mo ní kí n tún un ṣe. Mo gbé ọ̀tún pé kó padà lọ sórí hi-hat bíi ti àtijọ́. Òsì ò dìde níbẹ̀. Àwọn méjèèjì pàdé lókè, sítíìkì kan sì fò jáde, ó gba orí gíláàsì, ó yí po lófuurufú, ó sì balẹ̀ wọ̀ọ̀ sínú abọ́ ọrẹ. Mo juwọ́ sí arákùnrin tó gbé abọ́ pé kó bá mi mú un wá. Ó mi orí. Ó padà wá sọ fún mi lẹ́yìn ìsìn pé ohun tó bá ti wọ abọ́, ti Olúwa ni.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti kúrò lọ́rùn mi rèé, torí ẹni tí mo fẹ́ fẹjọ́ rẹ̀ sùn yín gan-an ni ẹ̀gbọ́n wa onígángan. Wọ́n ṣe dáadáa, n ò bá wọn jà sí i: kọ̀ǹgọ́ wọn kọ lẹ́ẹ̀kan, wórò dé, gbogbo ẹsẹ̀ bọ́ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ó yẹ kí wọ́n dákẹ́ síbẹ̀. Wọn ò dákẹ́. Wọ́n kọjú sí gíláàsì mi, wọ́n fún ọṣán, gángan ní: "Ọ̀tún dà? Ọ̀tún dà?"

Kò sẹ́ni tí kò gbọ́ ọ. Arábìnrin wa tó ń ṣáájú orin, tí kì í gbọ́ nígbà tí mo bá ní kó rọra, gbọ́ eléyìí. Ó gbà á lórin: "Ọ̀tún dà o?" Ìjọ na ọwọ́ sókè, wọ́n dáhùn: "Ọ̀tún rèé!" Ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọwọ́. Èmi náà na tèmi, kí n má baà dá yàtọ̀.

Ẹ ti mọ èyí tí mo nà. Ó wà nínú fídíò.

Owó wá bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀. Orí onígángan ni. Wọ́n ki Ìyá Ìjọ, Ìyá Ìjọ lẹ owó mọ́ wọn níwájú orí. Wọ́n ki alága ìkórè, wọ́n ki ìyàwó alága, wọ́n ki àlejò kan tí n ò rò pé wọ́n mọ orúkọ baba rẹ̀. Ẹ bá mi rò ó wò. Láti ìgbà tí mo ti jókòó sídìí dírọ́ọ̀mù yẹn, ta ló fi náírà kàn mí níwájú orí rí? Báwo ni wọ́n ṣe fẹ́ kàn mí, nígbà tí ẹ ti gíláàsì mọ́ mi? Onígángan ń rìn kiri, èmi wà nínú àgọ́. Èyí tó dùn mí jù ni pé òsì ló ń ṣiṣẹ́ fún wọn! Ọ̀tún wọn ń fi kọ̀ǹgọ́ lù ú lásán ni; abẹ́ apá òsì ni ìlù wà, ọwọ́ òsì ló ń fún ọṣán tí gángan fi ń lọ sókè tó ń bọ̀ nísàlẹ̀. Òsì ẹni ẹlẹ́ni ló fi òsì mi ṣẹ̀sín.

Lẹ́yìn ìsìn, mo lọ bá wọn lábẹ́ kánópì. Wọ́n ti tẹ́ owó sórí itan, wọ́n ń fi àtẹ́lẹwọ́ na àwọn tó ká kò.

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kúuṣẹ́ o. Bí kì í bá ṣe tèmi, ẹ ò ní rí nǹkan sọ lónìí. Ìpín tèmi dà?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ka díẹ̀ sọ́tọ̀, wọ́n ká a, wọ́n na ọwọ́ sí mi. Wọ́n tún fà á sẹ́yìn, wọ́n wo ọwọ́ mi méjèèjì látòkè délẹ̀.

"Àbúrò," wọ́n ní, "èwo nínú wọn ni kí n kó o lé lọ́wọ́?"