Títún Dúrọ́ọ̀ Tó Ti Yẹ̀ Ṣe Nínú Ọkọ̀-Ilé

Ẹni tó bá ti wo inú ọkọ̀-ilé rí, ìyẹn irú mótò ńlá tí ibùsùn, sítóòfù àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wà nínú rẹ̀, yóò mọ̀ pé dúrọ́ọ̀ ló kún inú rẹ̀ láti iwájú dé ẹ̀yìn. Irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ kò wọ́pọ̀ ní Òṣogbo. Èyí tí mo ń tọ́jú jẹ́ ti ẹ̀gbọ́n ìyá mi, tí ó gbé e wọlé láti Amẹ́ríkà, tí ó sì fi í sí àgbàlá wa ní Òkè-Fìà pé kí n máa lò ó, kí n sì máa mójú tó o. Kò pẹ́ kò jìnnà tí àwọn dúrọ́ọ̀ rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í tú. Ojú òmíràn yẹ̀, ìdí òmíràn já wálẹ̀, òmíràn sì wà tó jẹ́ pé bí ọkọ̀ bá ti ya kọ́nà báyìí, yóò ṣí fúnra rẹ̀, yóò sì da síbí sílẹ̀ láàárín ọkọ̀.

Gbogbo ẹni tó bá rí i ló ń di ẹ̀bi ru ọ̀nà. Kòtò kì í wọ́n lójú ọ̀nà wa lóòótọ́, ṣùgbọ́n lójú tèmi, ńṣe ni ọ̀nà kàn ń tú àṣírí iṣẹ́ tí kò lágbára láti ìbẹ̀rẹ̀. Agbègbè Elkhart ní ìpínlẹ̀ Indiana ni wọ́n ti ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú ọkọ̀-ilé Amẹ́ríkà, ohun tí àwọn tó ń ṣe é sì máa ń sá fún ni ìwúwo, nítorí pé gbogbo kílò tí wọ́n bá fi kún igi inú ọkọ̀ ni yóò dín ẹrù tí ọkọ̀ náà lè gbé kù. Nítorí náà, pákó fẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n ń lò. Ìdí dúrọ́ọ̀ inú ọkọ̀ wa kò nípọn ju mílímítà 3 lọ, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jẹ́ pákó tí wọ́n fi lẹ́búlẹ́bú igi rọ, ìṣó sítépù tín-ín-rín ni wọ́n sì fi so igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pọ̀. Bí irú dúrọ́ọ̀ bẹ́ẹ̀ bá wà nínú ilé tí kò kúrò lójú kan, yóò lo ọdún púpọ̀ kó tó yẹ̀. Nínú ọkọ̀, gbígbọ̀n ni yóò máa gbọ̀n. Sítépù yóò máa lọ, yóò máa bọ̀ nínú ihò rẹ̀, ihò náà yóò sì máa fẹ̀ títí pákó kò fi ní lè dì í mú mọ́.

Ìdí nìyí tí n kò fi fara mọ́ kíkan ìṣó sí i. Káfíńtà àgbà kan tí mo gbé dúrọ́ọ̀ àkọ́kọ́ lọ bá nítòsí ọjà Ìgbọ̀nà yí i sọ́tùn-ún, ó yí i sósì, ó ní, “Ọmọ mi, jẹ́ n kan ìṣó méjì méjì mọ́ igun rẹ̀, kò tún ní mì mọ́ láéláé.” Mo ní, “Ẹ má bínú, Bàbá, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ tú u palẹ̀ ná.” Ó rẹ́rìn-ín, ó mú kísíìlì, ó sì fi gbé igun kan díẹ̀. Bí igun náà ṣe ṣí, etí pákó náà dà sílẹ̀ bíi gaàrí. Bàbá fúnra rẹ̀ ló gbé òòlù sílẹ̀ tó sì ní, “Èyí kò níbi tí ìṣó fẹ́ dì mú.”

Pákó tó bá ń dà bẹ́ẹ̀ ti mumi. Irú pákó yìí kì í padà sí bó ṣe wà tó bá ti wú, bó ti wù kí ó gbẹ tó. Àfi kí a yọ ọ́ dànù. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan dúrọ́ọ̀, kí ó kọ́kọ́ gun òkè ọkọ̀ lọ, kí ó wo etí fèrèsé òrùlé àti gbogbo ibi tí wọ́n ti fi gọ́ọ̀mù dí ojúpọ̀. Oòrùn máa ń jẹ́ kí gọ́ọ̀mù yẹn sán. Ibẹ̀ ni òjò gbà wọlé sí tiwa, tó ń rọra ṣàn lẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù láìsí ẹni tó rí i. A dí i ná kí á tó dé orí iṣẹ́ igi.

Ẹ̀gbẹ́ kan tó ti bàjẹ́ ni a fi plywood mílímítà 12 pààrọ̀, a sì lo àwọn tó kù. Ohun tó gba àkókò jù ni fífọ ojú ìsopọ̀ mọ́, torí pé gọ́ọ̀mù tuntun kì í wọ inú igi tí gọ́ọ̀mù àtijọ́ bá ṣì bò. A fi pílọ́ọ̀sì fa gbogbo sítépù jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, a fi kísíìlì ha gọ́ọ̀mù gbígbẹ náà, a sì fi sánpépà gbo ojú igi títí ó fi funfun. Lẹ́yìn náà la fi gọ́ọ̀mù funfun tí àwọn káfíńtà ń pè ní Top Bond pa ojú méjèèjì, kì í ṣe ojú kan, a sì fi kíláǹpù há a. Kí á tó há a pinpin, a fi okùn wọn dúrọ́ọ̀ náà láti igun dé igun tó kọjú sí i, a sì wọn ìkejì bákan náà. Bí gígùn méjèèjì kò bá dọ́gba, dúrọ́ọ̀ náà ti wọ́, kò sì ní wọlé geere. Bàbá wá gé igi àfàrà kéékèèké onígun mẹ́ta, ó lẹ̀ wọ́n mọ́ inú igun kọ̀ọ̀kan. Igi wọ̀nyí ló ń ṣe iṣẹ́ tí sítépù kò lè ṣe, nítorí ojú tí gọ́ọ̀mù dì mú lára wọn fẹ̀. A fi í sílẹ̀ fún wákàtí 24. Nígbà òjò, ó dára kó jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Rọ́nà, ìyẹn irin tí dúrọ́ọ̀ ń gbà wọlé jáde, ní wàhálà tirẹ̀. Iwájú rẹ̀ nìkan ni wọ́n fi ṣúkúrúù mọ́ igi. Ẹ̀yìn rẹ̀ wà nínú ike funfun kékeré kan tó wà lára ògiri ẹ̀yìn. Ike náà ló máa ń sán, irin á wá máa rọ̀ dirodiro. Dípò kí n wá ike mìíràn, mo fi igi gbọọrọ kan sábẹ́ irin náà láti iwájú dé ẹ̀yìn, mo sì mọ rọ́nà mọ́ ọn. Ẹni tó bá fẹ́ ra rọ́nà tuntun oníbíárìn, kí ó rántí pé ó ń gba àyè nǹkan bíi mílímítà 12.7 ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, kí ó sì ṣọ́ gígùn ṣúkúrúù, nítorí pé wáyà àti páìpù omi lè wà lẹ́yìn pákó tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn. Níbi tí ihò ṣúkúrúù bá ti fẹ̀, a ń fi igi líle tí a fi gọ́ọ̀mù pa dí i, a ń gé e bá ojú pákó nígbà tó bá gbẹ, a sì ń lu ihò tuntun tó kéré ju ṣúkúrúù lọ.

Ní ti dúrọ́ọ̀ tó ń ṣí fúnra rẹ̀, n kò gba mágínẹ́ẹ̀tì gbọ́. Ó dára fún ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù, ṣùgbọ́n dúrọ́ọ̀ tó kún fún abọ́ yóò já a gbà bí awakọ̀ bá tẹ búréèkì. Dúrọ́ọ̀ tó kọjú sí iwájú ọkọ̀ ni búréèkì ń ṣí; èyí tó kọjú sí ẹ̀gbẹ́, kọ́nà ló ń ṣí i. Bọ́tìnì tí a ń tẹ̀ kó tó tú ni mo fi sí ti kíṣíìnì. Ìyókù, bọ́ọ̀tì kékeré olówó pọ́ọ́kú ni mo fi sí wọn. Kò rẹwà, ẹ̀gbọ́n ìyá mi sì ti sọ bẹ́ẹ̀ fún mi lórí fóònù. Ìkòkò àti irinṣẹ́ ti kúrò nínú wọn, wọ́n ti bọ́ sínú àpótí ìsàlẹ̀. Dúrọ́ọ̀ abẹ́ ibùsùn nìkan ló kù báyìí, a óò sì ní láti tú ibùsùn náà ká tó lè yọ ọ́, nítorí náà mo ti bẹ Bàbá pé kí wọ́n bá mi wá sílé lọ́jọ́ Sátidé.