Kí Tábìlì MRI Tó Gbéra: Ẹ̀kọ́ fún Ẹ̀yin Àbúrò Lẹ́nu Iṣẹ́

Ẹ̀yin àbúrò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ iṣẹ́ MRI, ẹ̀rọ tó ń fi òòfà àti ìgbì rédíò ya àwòrán inú ara, mo mọ̀ pé ìdí kọ̀ǹpútà ni ọkàn yín wà. Bí wọ́n ṣe ń yan sequence (ètò ìyàwòrán kọ̀ọ̀kan), bí wọ́n ṣe ń dín àkókò rẹ̀ kù, ibi tí wọ́n ń fa ìlà gbà lórí àwòrán: gbogbo rẹ̀ ló dáa kí ẹ kọ́. Ṣùgbọ́n nínú àwọn àwòrán tó ń bàjẹ́ mọ́ni lọ́wọ́, ọ̀pọ̀ ló ti bàjẹ́ kí tábìlì tó gbéra. Ẹnì kan kò béèrè ohun tó yẹ kó béèrè, tàbí kò ṣàlàyé ohun tó yẹ kó ṣàlàyé. Ẹ kọ́kọ́ mọ ohun tí ojú aláìsàn ń rí nínú ihò ẹ̀rọ tí tábìlì ń gbé e wọ̀; ibẹ̀ ni àwòrán tó mọ́ ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká ti orí òòfà bẹ̀rẹ̀. A kì í pa á. Wáyà niobium-titanium ni wọ́n rì sínú helium olómi, tó tutù tó 269 nísàlẹ̀ òdo lórí òṣùwọ̀n Celsius. Iná inú wáyà yẹn ń yí po láìdúró, yálà ẹ ń ya àwòrán tàbí ẹ ti tilẹ̀kùn lọ sílé. Agbára ẹ̀rọ 1.5 tesla (tesla ni òṣùwọ̀n agbára òòfà) tó nǹkan bí ìlọ́po 30,000 agbára òòfà ilẹ̀ ayé, ti 3 tesla sì jẹ́ ìlọ́po méjì ìyẹn. Ohun tó ń tan èèyàn jẹ ni pé agbára náà kì í pọ̀ sí i díẹ̀díẹ̀ béèyàn ṣe ń sún mọ́ ọn. Lẹ́nu ọ̀nà, ẹ lè má mọ nǹkan kan lára irin tó wà lọ́wọ́ yín. Ẹ rìn síwájú díẹ̀, ó ti já gbà, ó ti fò. Lọ́dún 2001, ní ìpínlẹ̀ New York ní Amẹ́ríkà, ọmọ ọdún mẹ́fà kan kú nínú ẹ̀rọ MRI nítorí sílíńdà ọ́síjìn onírin tí òòfà fà wọlé lù ú. Ọ́síjìn ni wọ́n fẹ́ fún ọmọ náà. Nínú ìkánjú láti ranni lọ́wọ́ ni irú nǹkan báyìí ti ń ṣẹlẹ̀.

Nítorí náà, bí ọkàn aláìsàn bá dáwọ́ lílù dúró lórí tábìlì, ẹ má pe ẹnikẹ́ni wọlé wá. Ẹ fa tábìlì jáde, kí ẹnì kan bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ àyà rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, kí ẹ gbé e sórí ibùsùn tí òòfà kì í fà, kí ẹ sì gbé e kúrò nínú yàrá náà. Kí ẹlòmíì dúró lẹ́nu ọ̀nà, kó má jẹ́ kí dókítà tàbí nọ́ọ̀sì tó ń sáré bọ̀ kọjá òun. Ẹ má tẹ bọ́tìnì quench, èyí tó ń lé helium jáde kí òòfà lè kú, nítorí èyí. Òòfà náà kì í kú lójú ẹsẹ̀. Helium tó bá sì hó di gáàsì máa ń fẹ̀ tó nǹkan bí ìlọ́po 700. Bí páìpù tó ń gbé e jáde bá ní ìdíwọ́, yóò kún inú yàrá, yóò sì lé afẹ́fẹ́ ọ́síjìn jáde. Ìgbà tí irin bá há èèyàn mọ́ ara ẹ̀rọ ni quench wà fún. Bọ́tìnì míì tún wà tó jẹ́ pé iná ẹ̀rọ nìkan ló ń gé, òòfà ṣì wà síbẹ̀. Ẹ dá méjèèjì mọ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí ẹ bá dé ibi iṣẹ́.

Ìbéèrè ni mo wá fẹ́ kí ẹ fi àkókò yín ṣe. Bí ẹ bá bi èèyàn pé "Ṣé irin kankan wà lára yín?", yẹtí àti òrùka nìkan ni yóò wá sí i lọ́kàn, yóò sì ní kò sí. Ẹ béèrè ẹyọ kọ̀ọ̀kan. "Mà, ṣé wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ fún yín rí, lórí, láyà, nínú ojú tàbí etí?" "Bàbá, ṣé ẹ ti ṣiṣẹ́ wẹ́dà rí, tàbí iṣẹ́ lílọ irin, tí nǹkan ta sí yín lójú?" Bí ìdáhùn èyí bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, ó gbọ́dọ̀ ya X-ray ẹyinjú kó tó wọlé, nítorí ẹ̀rún irin kékeré tó ti wà níbẹ̀ láti ọ̀pọ̀ ọdún lè yí padà kó sì fọ́ ojú náà. Ẹ béèrè ọta ìbọn. Ẹ béèrè ẹ̀rọ tó ń bá ọkàn lù, klíìpù tí wọ́n fi di iṣan ẹ̀jẹ̀ nínú ọpọlọ, ẹ̀rọ ìgbọ́ràn tí wọ́n gbìn sínú etí, ẹ̀rọ tó ń fa insulin sára. Kí ẹ tún un béèrè lẹ́nu ọ̀nà yàrá, lọ́nà míì, kódà bó ti kọ gbogbo rẹ̀ sínú fọ́ọ̀mù. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni ìdáhùn kejì máa ń yàtọ̀ sí ti àkọ́kọ́.

Bó bá ní nǹkan lára, ẹ má fojú díwọ̀n rẹ̀. Ẹ gba káàdì rẹ̀, ẹ wo orúkọ àti nọ́ńbà ẹ̀yà rẹ̀, kí ẹ ka ìwé ilé iṣẹ́ tó ṣe é. Àmì MR Conditional, igun mẹ́ta aláwọ̀ yẹ́lò, kò túmọ̀ sí pé kò séwu. Ó túmọ̀ sí pé àwọn ohun kan wà tí ẹ gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé: ó lè jẹ́ 1.5 tesla nìkan, ó lè jẹ́ pé dókítà ọkàn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yí ètò ẹ̀rọ náà padà. Ọ̀pọ̀ orúnkún àti ìbàdí àtọwọ́dá kì í dá iṣẹ́ dúró, ṣùgbọ́n wọ́n ń ba àwòrán agbègbè tí wọ́n wà jẹ́, ẹ sọ ọ́ fún dókítà ṣáájú.

Aṣọ ńkọ́? Kí aláìsàn bọ́ tirẹ̀ sílẹ̀, kó wọ ti ilé ìwòsàn. Mo mọ̀ pé àwọn kan máa ń ní aṣọ òwú lásán ni, ṣùgbọ́n aṣọ ìdárayá àti àwọ̀tẹ́lẹ̀ míì ní òwú fàdákà tàbí bàbà tí ojú kò lè rí, ó sì lè jó awọ ara. Bẹ́ẹ̀ náà ni oògùn tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ara tí ẹ̀yìn rẹ̀ jẹ́ irin pẹlẹbẹ. Ìpéǹpéjú àtọwọ́dá tó ní òòfà, píìnì tó fara pamọ́ sínú irun: ẹ béèrè, kí ẹ sì jẹ́ kó fi ọwọ́ ara rẹ̀ tú irun náà wò.

Ọ̀rọ̀ jíjó yìí ṣe pàtàkì ju bí ọ̀pọ̀ ṣe rò lọ. Ìgbì rédíò tí ẹ̀rọ ń rán sínú ara ń mú ara gbóná. Bí àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì bá so pọ̀, tàbí tí ẹsẹ̀ kan gun èkejì, iná yóò rí ọ̀nà yí po nínú ara, ibi tí awọ ti kan awọ ni yóò sì jó. Ẹ to ọwọ́ rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara, ẹ fi aṣọ tàbí fóòmù sáàárín itan méjèèjì, kí ẹ fi páàdì sáàárín ìgúnpá àti ògiri ihò náà, àgàgà fún ẹni tó sanra. Wáyà kọ́ìlì, ìyẹn ohun tí wọ́n ń gbé lé ara aláìsàn láti gba àmì àwòrán, kò gbọ́dọ̀ ká, kò gbọ́dọ̀ kan ara lásán. Kí ẹ fi bọ́ọ̀lù tí yóò fi pè yín sí i lọ́wọ́, kí ẹ sì sọ fún un pé: "Ara yín lè móoru díẹ̀, ìyẹn ò burú. Bí ojú kan ṣoṣo bá ń gbóná, ẹ fún bọ́ọ̀lù yìí lójú ẹsẹ̀." Bí ẹ kò bá ya ọ̀tọ̀ láàárín méjèèjì fún un, yóò fara dà á.

Ariwo náà máa ń kọjá 100 decibel. Iná tó ń wọlé tó ń jáde wàràwàrà nínú kọ́ìlì gradient, èyí tó wà nínú ẹ̀rọ fúnra rẹ̀, ló ń mú kí ó máa gbọ̀n sí agbára òòfà ńlá, bí ìgbà tí wọ́n ń fi òòlù lu páànù. Fóòmù etí kì í ṣiṣẹ́ bí ẹ kò bá fi í dáadáa. Ẹ fi ìka yí i títí yóò fi tín-ín-rín, ẹ fa etí sókè sẹ́yìn díẹ̀ kí ihò rẹ̀ lè tọ́, ẹ tì í wọlé, kí ẹ fi ìka dì í mú fún nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 30 kó fi wú. Bí èyí tó pọ̀ jù nínú fóòmù bá ṣì yọ síta, kò tíì wọlé. Lẹ́yìn náà kí ẹ fi ìbòtí lé e.

Ihò náà fẹ̀ tó 60 tàbí 70 sẹ̀ǹtímítà, kọ́ìlì orí sì ń bò ojú. Ẹ fi aṣọ bo ojú ẹni tí ẹ̀rù ń bà kí tábìlì tó gbéra, ẹ má dúró dìgbà tó bá dé inú ihò kí ẹ tó bò ó. Fún ẹni tó bá fẹ́ la ojú, ẹ fi dígí sókè ojú rẹ̀ kó lè máa rí ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Ẹ ti tábìlì wọlé jẹ́jẹ́, nítorí ìyára nínú agbára òòfà, pàápàá ní 3 tesla, ń kọ́ni lóòyì. Ẹ jẹ́ kó mọ̀ pé iṣan rẹ̀ lè ta díẹ̀díẹ̀. Àkókò tó nira jù fún un ni ìdákẹ́jẹ́ tó wà láàárín sequence méjì, nítorí ó máa rò pé ẹ ti lọ. Ẹ bá a sọ̀rọ̀ nígbà náà: "Ẹ kú sùúrù mà. Èyí tó ń bọ̀ jẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́rin, yóò gbọn tábìlì díẹ̀." Ẹ fún un ní iye tó jẹ́ òótọ́. Ẹni tí ẹ bá sọ ìṣẹ́jú méjì fún, tó wá di márùn-ún, kò ní gbà yín gbọ́ mọ́.

Ẹ tún ṣàlàyé ìdí tí kò fi gbọ́dọ̀ mira. Gbogbo ẹyọ data tí ẹ̀rọ ń kó jọ láàárín ìṣẹ́jú mẹ́rin náà ló kan gbogbo àwòrán, nítorí náà ikọ́ kan ní ìṣẹ́jú kẹta lè ba gbogbo rẹ̀ jẹ́, kì í ṣe apá kan. Ẹ ní kó tọ̀ kó tó gorí tábìlì. Ẹ fi ìrọ̀rí sábẹ́ orúnkún, nítorí ẹ̀yìn tó ń dun èèyàn ló ń mú un mira ju ẹ̀rù lọ. Fún ikùn, ẹ kọ́ ọ ní dídá èémí dúró níta kó tó wọlé, lẹ́yìn tó bá mí jáde tán, kí ẹ sì wò ó bóyá ó lè dé ìṣẹ́jú àáyá 15. Sequence tí dókítà nílò jù ni kí ẹ kọ́kọ́ ṣe, kí sùúrù rẹ̀ má baà tán lórí èyí tí kò ṣe pàtàkì.

Bí àyẹ̀wò náà bá nílò gadolinium, oògùn abẹ́rẹ́ tó ń mú kí nǹkan hàn kedere sí i nínú àwòrán, ìwọ̀n tó wọ́pọ̀ ni 0.1 mmol (millimole, òṣùwọ̀n iye oògùn) fún kílò kan. Ẹ ka ara ìgò: fún ẹni tó wọ̀n 70 kílò, oògùn 0.5 mmol nínú mílílítà kan yóò jẹ́ mílílítà 14, ti 1 mmol yóò jẹ́ 7. Ẹni tó bá fi ojú kan náà wo ìgò méjèèjì yóò fún èèyàn ní ìlọ́po méjì tàbí ìdajì. Ẹ wo èsì àyẹ̀wò kíndìnrín, pàápàá bí eGFR, nọ́ńbà tó ń sọ bí kíndìnrín ṣe ń ṣiṣẹ́ sí, bá wà lábẹ́ 30, nítorí láti ọdún 2006 ni a ti mọ̀ pé àwọn oògùn náà, ní pàtàkì ti àtijọ́ tí wọ́n ń pè ní linear, lè fa àìsàn tó ń mú awọ ara le gan-an fún irú àwọn aláìsàn bẹ́ẹ̀. Aláboyún kì í gbà á àfi bí dókítà bá rí i pé kò sí ọ̀nà míì. Bí ẹ ṣe ń fún un, ẹ wo apá rẹ̀: ìtútù tó ń gòkè lọ kò burú, ìrora àti wíwú túmọ̀ sí pé oògùn ti jáde kúrò nínú iṣan. Ẹ má yọ kánúlà (ọ̀pá kékeré tó wà nínú iṣan) títí ìṣẹ́jú 15 ó kéré tán yóò fi kọjá lẹ́yìn abẹ́rẹ́ náà.

Bó bá fún bọ́ọ̀lù, ẹ dá a lóhùn lójú ẹsẹ̀, kódà bí sequence bá ku ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá. Ẹ fà á jáde, ẹ jẹ́ kó jókòó, ẹ béèrè ohun tó ń ṣe é, kí ẹ sì jẹ́ kó fúnra rẹ̀ pinnu bóyá yóò padà wọlé. Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, ẹ kọ ọ́ sínú fáìlì: bóyá ẹsẹ̀ ló fi wọlé ṣáájú, bóyá aṣọ lójú ló ràn án lọ́wọ́, iye ìṣẹ́jú tó lè fara dà, kí ẹni tí yóò bá a ṣe é nígbà míì má bẹ̀rẹ̀ láti orí òdo.