Àpáàdì mi àti ọ̀rinrin: ibi tí iṣẹ́ dé

Sátidé. Àwọn àgbà ní àpáàdì ló tó ko iná lójú. Iná ààrò ni wọ́n ní lọ́kàn; iná mànàmáná ni èmi fẹ́ kó gbé. Ohun tó kì mí láyà ni iṣẹ́ Hiroyasu Iwahara ní Japan, tí òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn lọ́dún 1981 pé seramíìkì tí a fi strontium àti cerium ṣe ń gbé prótọ́ọ̀nù (háídrójìn tó ti pàdánù ẹ̀lẹ́ktírọ́ọ̀nù rẹ̀, tó sì ń gbé iná rìn) bí afẹ́fẹ́ tó yí i ká bá ní ooru omi. Ààyè ọ́síjìn kan máa ń ṣófo nínú rẹ̀. Omi á wọlé, ọ́síjìn omi á dí ààyè náà, prótọ́ọ̀nù á sì máa fò láti ara ọ́síjìn kan dé òmíràn. Ṣùgbọ́n ìgbóná bíi dígírì 600 sí 1000 ni tiwọn, mi ò sì ní ààrò tí mo lè ti wáyà bọ̀.

Nínú àpáàdì tútù, ọ̀tọ̀ ni bó ṣe ń lọ. Omi inú afẹ́fẹ́ ló ń lẹ̀ mọ́ ògiri àwọn ihò wẹ́wẹ́ ara amọ̀. Prótọ́ọ̀nù ń ti ibi omi kan bọ́ sí èkejì, bí èrò tó tò lórí ìlà: ẹni tó gba ọ̀kan á ti tirẹ̀ sí ẹni iwájú.

Mo fọ́ ìkòkò amọ̀ tó ti sán, mo se àwọn àpáàdì rẹ̀ nínú omi òjò kí iyọ̀ ara wọn lè kúrò, mo yan wọ́n gbẹ. Mo fi pẹ́ńsù 6B, tí dúdú rẹ̀ ń gbé iná, kun ojú méjì lára ọ̀kọ̀ọ̀kan kí wáyà mítà lè rí ibi kàn, àlàfo mìlímítà 5 láàárín.

Ọjọ́ Ajé. Ìgò mẹ́ta, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ìdérí. Èkíní: àpò sílíkà inú páálí bàtà. Èkejì: iyọ̀ ọbẹ̀ tí mo fi omi díẹ̀ pò kó ki; ọ̀rinrin ibẹ̀ kì í kúrò ní nǹkan bí ìdá 75 nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹ̀kẹta: fóòmù tútù.

Ọjọ́rú. Nínú ìgò gbígbẹ, mítà tó ń wọn bí nǹkan ṣe ń dènà iná kọ “1” nìkan, ìyẹn ni pé ìdènà náà ju mẹ́gáómù 200 (mílíọ̀nù 200 ómù, òṣùwọ̀n ìdènà) tó lè kà lọ. Ti oníyọ̀: 38. Ti fóòmù: 1.6. Bí nọ́ńbà bá ṣe kéré tó ni iná ń rọrùn láti kọjá tó. Mo pariwo débi pé ará ilé bi mí bóyá NEPA ti mú iná dé.

Ṣùgbọ́n ká má tíì jó. Bí mo ṣe fi mítà sílẹ̀ lórí ti fóòmù, 1.6 ń gòkè, ó dé 2.3 láàárín ìṣẹ́jú kan. Mo rò pé ó ń gbẹ ni. Mo fi náílọ́nù bò ó. Kò yí padà. Ìgbà tí mo yí wáyà padà ló wálẹ̀, tó tún bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè. Iná bátìrì mítà ń lọ sí apá kan ṣoṣo, ó ń kó ohun tó ń rìn jọ sí ẹ̀bá pẹ́ńsù.

Àpáàdì kan tún ń ka ohun tó dára jù nínú gbogbo ìgò. Òógùn ọwọ́ mi ni! Mo tún un sè. Amọ̀ fúnra rẹ̀ sì ní sodium àti potassium, nítorí náà mi ò ní búra pé prótọ́ọ̀nù nìkan ló ń ṣiṣẹ́ yìí.

Sátidé tó ń bọ̀, ohùn láti inú fóònù ni máa fi wọ̀n ọ́n, èyí tó ń yí ìhà padà ní ìgbà 300 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ọyẹ́ ò tíì dé. Ìgò sílíkà ló ṣì ń ṣe ọyẹ́ fún mi.