Ohun tí iṣẹ́ fámásì kọ́ mi nípa òògùn eléwu

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jáde nílé ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ìlera, tí ẹ fẹ́ wá ṣiṣẹ́ ní fámásì l'Ábújá níbí, ẹ kọ́kọ́ mọ̀ pé ewu òògùn kì í dúró de ìgbà tí aláìsàn bá gbé e mì. Ó ti lè bẹ̀rẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó ń kà á.

Nínú gbogbo ohun tó wà lórí pẹpẹ wa, methotrexate ni mo ń bẹ̀rù jù. Hóró kékeré ni, mílígíráàmù 2.5. Wọ́n ń lò ó fún jẹjẹrẹ, wọ́n sì ń lò ó fún irú làkúrègbé kan tó ń jẹ oríkèé ara. Ẹni tó ń lò ó fún làkúrègbé, ẹ̀ẹ̀kan péré lọ́sẹ̀ ni. Bó bá sọ ọ́ di ojoojúmọ́, yóò ba mùdùnmúdùn inú egungun tó ń ṣe ẹ̀jẹ̀ jẹ́, ẹnu rẹ̀ yóò bó, ara rẹ̀ kò ní lè bá àìsàn jà mọ́, ó sì lè kú. Ohun tó sì lè fa gbogbo èyí ni pé ẹnì kan kọ iye hóró sára àpò òògùn, kò kọ ọjọ́.

Nítorí náà, orúkọ ọjọ́ náà gan-an ni mo máa ń kọ, ní èdè tí aláìsàn gbọ́. Ní Kubwa níbí, ìyá tó dúró níwájú yín lè má gbọ́ Yorùbá, kó má sì gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Màá kọ ọ́ ní Hausa, "ranar Juma'a kawai", ọjọ́ Jímọ̀ nìkan, màá sì ní kó fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ fún mi. Bó bá ní "kowace rana", ìyẹn lójoojúmọ́, a ó tún un bẹ̀rẹ̀. Àwọn tó tò sẹ́yìn lè máa kùn. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa kùn.

Ẹ má fi àwo tí ẹ fi ń ka Paracetamol ka methotrexate. Kó ní àwo tirẹ̀ lọ́tọ̀, kí ẹ wọ ìbọ̀wọ́, kí ẹ fọ àwo náà tí ẹ bá parí, kí ẹ sì fi ọṣẹ àti omi fọ ọwọ́. Sànìtáísà kì í pa agbára òògùn. Ẹ má lọ̀ ọ́, ẹ má gé e lórí káńtà, eruku rẹ̀ ni ẹ ó fà símú. Aláboyún kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Misoprostol náà, òògùn ọgbẹ́ inú tó lè ba oyún jẹ́, kí aláboyún jìnnà sí i. Ẹ̀yin ọkùnrin, bí obìnrin tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́ bá ní kí ẹ bá òun kà á, ẹ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ má bi í nídìí. Oyún oṣù àkọ́kọ́ kì í hàn, ó sì lè má tíì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀.

Ti morphine àti pethidine, àwọn òògùn ìrora tó lágbára gan-an, kò gùn: inú kọ́bọ́ọ̀dù tó ní kọ́kọ́rọ́ ni wọ́n ń gbé, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sì gbọ́dọ̀ wọ inú rẹ́jísítà. Ẹ má fọwọ́ sí ohun tí ojú yín kò rí, ì báà jẹ́ ọ̀gá ló ní kí ẹ fọwọ́ sí i.

Àwọn ará ilé gan-an ló ń dán èèyàn wò jù. Ẹ̀gbọ́n kan nínú ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa, awakọ̀ ni, bẹ̀ mí pé kí n wá tramadol, òògùn ìrora kan, oní-mílígíráàmù 225 fún òun nítorí ẹ̀yìn tó ń dùn ún. NAFDAC, àjọ ìjọba tó ń mójú tó òògùn, kò fọwọ́ sí èyí tó bá ti ju mílígíráàmù 100 lọ; èyí tí ẹ bá rí lọ́jà, ọ̀nà ẹ̀bùrú ló gbà wọlé. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, mi ò lè ṣe é. Ìgbà wo ni ẹ̀yìn yìí ti ń dùn yín?" Kò sí ẹni tó ti bi í rí. Ọ̀gá wa, apòògùn, jókòó tì í, ó gbọ́ tẹnu rẹ̀ tán, ó sì kọ ìwé pé kí wọ́n lọ fi í han dókítà egungun. Èmi ni mo bá a lọ.