Bí mo ṣe ń fi Raspberry Pi wọn omi táǹkì wa ní Kétu
Nítorí pé gígun àkàbà láràárọ̀ láti yọjú wo omi ti sú mi, mo so HC-SR04, ẹ̀rọ kékeré tí ń fi ohùn wọn bí nǹkan ṣe jìnnà sí, mọ́ abẹ́ ìdérí táǹkì wa. Ẹ̀rọ olójú méjì yìí máa ń rán ohùn tí etí ènìyàn kò lè gbọ́ lọ sórí omi. Bí ohùn náà bá padà dé, Raspberry Pi, kọ̀ǹpútà kékeré tí mo so ó mọ́, á sọ iye ìṣẹ́jú-àáyá tí ó lò di ìlọ́po 34,300, ìyẹn iye sẹ̀ǹtímítà tí ohùn ń rìn ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, á sì pín in sí méjì, nítorí àlọ àti àbọ̀ ni, kí a lè rí sẹ̀ǹtímítà. Ẹsẹ̀ Echo, ìyẹn irin tẹ́ẹ́rẹ́ tí HC-SR04 fi ń sọ fún Pi pé ohùn ti padà dé, ni kí ẹ ṣọ́ra fún: iná fóòtì 5 ni ó ń gbé jáde, 3.3 péré sì ni Pi lè gbà. Mo ti ba ẹsẹ̀ kan lára Pi jẹ́ kí n tó fi rẹsítọ̀ méjì, ohun kékeré tí ń dí iná lọ́wọ́, dín iná náà kù. Lánàá ó ka sẹ̀ǹtímítà 62, ó ka 61, ó sì ṣàdédé ṣì í kà sí 348, nígbà tí omi ń ya wọlé. Ẹ̀ẹ̀marùn-ún ni mo ń wọ̀n ọ́n báyìí, ti àárín ni mo sì ń mú.