Agolo mẹ́rin láti gbé íntánẹ́ẹ̀tì sọ̀kalẹ̀ lọ sí Ìtòkú

6 oṣù Kìíní 2024

Àdìrẹ ni màámi ń tà ní Ìtòkú, l'Ábẹ́òkúta. Ilé wa tó wà lórí òkè, nǹkan bí 600 mítà sí ọjà, la ti ń pa aṣọ láró. Nílé, nẹ́tíwọ̀kì 4G ń wọlé dáadáa. Ṣùgbọ́n inú ṣọ́ọ̀bù, lábẹ́ páànù, níbi tí ilé alájà ti há a mọ́ àárín, ó ṣòro kí fóònù tó rí nǹkan kan gbà. Oníbàárà á ra aṣọ, á fi owó ránṣẹ́ láti orí fóònù, àlááàtì ò ní wọlé. Màámi á jáde sí títì, wọ́n á gbé fóònù sókè, aṣọ á ṣì wà lọ́wọ́ oníbàárà, ojú á máa ti àwọn méjèèjì.

Lóṣù tó kọjá, ẹnìkan fi àlááàtì ayédèrú gba kámpálà márùn-ún lọ. Ọjọ́ yẹn ni mo pinnu pé n ó fi Wi-Fi gbé íntánẹ́ẹ̀tì ilé wá bá wọn. Mo lè lọ ra ẹ̀rọ tí wọ́n ṣe fún irú iṣẹ́ yìí, àmọ́ ó ti pẹ́ tó ti wà lọ́kàn mi láti fi ọwọ́ ara mi ṣe eríàlì alágolo.

13 oṣù Kìíní

Gbogbo agolo kọ́ ló ṣeé lò. Ìgbì Wi-Fi 2.4 GHz gùn tó nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 12.3. Bí ẹnu agolo bá tóóró jù, ìgbì náà ò ní lè gba inú rẹ̀ kọjá. Bó bá sì fẹ̀ jù, oríṣi ìgbì mìíràn á tún yọjú nínú rẹ̀, á máa da ti àkọ́kọ́ rú. Mo gbé rúlà káàkiri àárín àwọn tó ń ta agolo àlòkù títí mo fi rí èyí tí ẹnu rẹ̀ fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 8.5. Ìyẹn dára gan-an.

Ìfẹ̀ ẹnu agolo ló ń sọ ibi tí n ó lu ihò tí wáyà máa gbà wọlé sí. Ìṣirò tèmi fún mi ní mílímítà 58 láti ìdí agolo. Wáyà bàbà tó máa nà sínú rẹ̀ á gùn ní mílímítà 31, ìyẹn ìdá kan nínú mẹ́rin ìgbì. Agolo fúnra rẹ̀ yẹ kó gùn tó mílímítà 174, mi ò sì rí èyí tó gùn tóyẹn. Mo gé ìdí ọ̀kan kúrò, mo fi òjé lẹ̀ ẹ́ mọ́ èkejì. Agolo méjì fún ilé, méjì fún ṣọ́ọ̀bù.

3 oṣù Kejì

Mo gun òrùlé. Láti orí òpó tí a rì mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìdí aró, mo rí páànù ṣọ́ọ̀bù kedere, inú mi dùn. Ṣùgbọ́n kí ojú rí ibì kan ò tíì tó. Ìgbì kì í rìn tín-ín-rín bí okùn. Ó máa ń wú láàárín ọ̀nà bí ikùn ẹja. Fún 600 mítà, wíwú náà tó mítà 4.3 sókè àti sísàlẹ̀ ojú ìlà. Ó kéré tán, ó yẹ kí ìdá mẹ́ta nínú márùn-ún rẹ̀ wà láìsí ohun tó dí i. Igi máńgòrò kan wà ní àgbàlá bàbá kan ní ìsàlẹ̀ òkè, orí igi náà sì ti wọ inú wíwú ìgbì yìí. Mo fi mítà méjì kún òpó. Ẹ̀ka kan ṣoṣo ló kù tó ń yọ orí síbẹ̀.

10 oṣù Kejì

Mo so eríàlì kọ̀ọ̀kan mọ́ router, ẹ̀rọ tó ń pín Wi-Fi, mo tan méjèèjì. Nọ́mbà tó ń sọ bí ìgbì tó ń wọlé ṣe lágbára tó jẹ́ −84 dBm. Bí nọ́mbà yìí bá ṣe súnmọ́ òdo tó ló ṣe dára tó; −84 burú. Ojú ewé ò ṣí. Mo yí agolo sọ́tùn-ún, mo yí i sósì, mo tún òjé fi, mo tú wáyà palẹ̀, mo tún un tò. Nígbà tí ọ̀sán pọ́n ni mo wo inú agolo méjèèjì dáadáa: wáyà bàbà ti ṣọ́ọ̀bù dúró gangan, ti ilé dùbúlẹ̀. Ìgbì tó bá jáde lára wáyà tó dúró máa ń wà ní òòró bẹ́ẹ̀ títí yóò fi débi tó ń lọ, wáyà tó dùbúlẹ̀ kì í sì í fẹ́ẹ̀ rí i gbà. Mo yí agolo ilé kí wáyà rẹ̀ náà lè dúró. −67.

Ariwo tí mo pa lórí òrùlé, ọmọ iṣẹ́ tó ń ro aró rò pé mo ti já bọ́.

17 oṣù Kejì

Àwọn Wi-Fi tó wà lọ́jà pọ̀ lórí channel (ọ̀nà tí ìgbì ń gbà) 1 àti 6, mo mú 11. Ọ̀rọ̀ aṣínà ṣọ́ọ̀bù yàtọ̀ sí ti àwọn oníbàárà, ẹni tó wá ra aṣọ ò sì lè dé ibi tí ìwé owó wa wà. Ní ti iná, router kan ń jẹ nǹkan bí wáàtì 6. Mo so bátìrì 12V, 18Ah mọ́ ọn. Bí mo bá ń lo ìdajì rẹ̀ péré kó má baà tètè kú, wákàtí 18 ló fún mi.

14 oṣù Kẹta

Ọjọ́bọ̀. Màámi pè mí: "Ọmọ mi, agolo rẹ ti bàjẹ́ o." Mo yẹ̀ ẹ́ wò, −67 kò yí padà. Síbẹ̀ ohunkóhun ò ṣí, àpù báńkì ò wọlé. Ìròyìn dé lẹ́yìn náà pé okùn abẹ́ òkun mẹ́rin ló bàjẹ́ nítòsí Côte d'Ivoire: WACS, ACE, SAT-3 àti MainOne. Ọ̀pọ̀ íntánẹ́ẹ̀tì tí Nàìjíríà ń lò ló ń gba irú okùn bẹ́ẹ̀ wá láti Yúróòpù.

Ohun tó gbà mí lọ́kàn ni pé ìlà tèmi, láti òkè sí ọjà, ò gba ibì kankan nínú òkun kọjá. Síbẹ̀, ṣọ́ọ̀bù ò lè béèrè lọ́wọ́ ìdí aró iye àdìrẹ ẹlẹ́kọ tó ti gbẹ, torí pé WhatsApp la fi ń sọ ọ́, WhatsApp sì gbọ́dọ̀ jáde nílùú kó tó padà wá bá ẹni tó wà ní 600 mítà.

23 oṣù Kẹta

Mo gbé laptop àtijọ́ kan jókòó nílé, mo fi Linux sí i, mo kọ ojú ewé kékeré kan sórí rẹ̀: orúkọ aṣọ, iye tó wà, iye tí wọ́n ti san owó rẹ̀, àwọ̀ tí oníbàárà fẹ́. Màámi á kọ 192.168.1.10, àdírẹ́sì laptop náà, sórí fóònù wọn, ó ṣí. Mo yọ okùn 4G kúrò lára router pátápátá kí n lè dán an wò. Ọmọ iṣẹ́ kọ "ẹlẹ́kọ mẹ́fà, ti gbẹ" nídìí aró, ó yọ lójú fóònù màámi ní Ìtòkú lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Nínú gbogbo iṣẹ́ yìí, èyí ni mo fẹ́ràn jù.

6 oṣù Kẹrin

Òjò ti bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn èyí tó rọ̀ lánàá, nọ́mbà bọ́ sí −75, ó sì pẹ́ lówùúrọ̀ kó tó padà sípò. Òjò fúnra rẹ̀ kọ́; lórí 2.4 GHz, òjò kì í ṣe nǹkan bàbàrà. Ẹ̀ka máńgòrò yẹn ni. Ewé tutù, omi inú àti ara rẹ̀ ń gba agbára ìgbì. Mo ronú 5 GHz, oríṣi Wi-Fi mìíràn tí ìgbì rẹ̀ kúrú, torí wíwú ìgbì rẹ̀ kéré sí ti ìsinsìnyí, àmọ́ ewé tún máa ń dá 5 GHz dúró jù bẹ́ẹ̀ lọ, agolo mi ò sì bá a mu.

20 oṣù Kẹrin

Mo mú aṣọ kámpálà kan dání, mo lọ dọ̀bálẹ̀ fún bàbá onímáńgòrò. Mo ṣàlàyé, mo fi ìlà náà hàn wọ́n láti òrùlé tiwọn. Wọ́n gbà kí n gé ẹ̀ka kan péré, ṣùgbọ́n wọ́n ní kí èso orí rẹ̀ pọ́n ná, kí wọ́n ká a tán. Òpin oṣù Karùn-ún la fi sí. Di ìgbà náà, −75 là ń lò lọ́jọ́ tí òjò bá rọ̀, àlááàtì sì ń wọlé kí aṣọ tó kúrò lórí tábìlì.