Tíṣà tó lọ bá wọn nílé

Gbogbo ayé ló mọ José Hernández, ọmọ àwọn alágbàṣe oko tó bá ọkọ̀ Discovery lọ sójú sánmà lóṣù August 2009. Ẹni tí mo fẹ́ yìn ní tèmi ni Miss Young, tíṣà tó kọ́ ọ ní kíláàsì kejì ní Stockton, California.

Ará Mexico làwọn òbí José, iṣẹ́ oko ni wọ́n sì fi ń jẹun. Tí wọ́n bá ti kórè tán níbì kan, wọ́n á palẹ̀ mọ́, ó di ibòmíì, tó bá wá di ìgbà òtútù gbogbo wọn á kọrí sí Michoacán ní Mexico títí iṣẹ́ á fi tún bẹ̀rẹ̀, tọmọtọmọ ni o. Ẹ wo ohun tíyẹn ń ṣe fún ọmọ: sùkúù tó fi sílẹ̀ ti dé orí ìsọdipúpọ̀, èyí tó ń lọ ṣì wà lórí àròpọ̀, máàkì ẹ̀ ò tíì tẹ̀ lé e dé, Gẹ̀ẹ́sì ò sì yọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu. Wọ́n á ní olódo ni. Irọ́ ni jàre, orí ọmọ yẹn pé pérépéré, wọn ò kàn jẹ́ kó jókòó síbì kan ni.

Nígbà tí José lọ ní kí Miss Young fún òun níṣẹ́ àṣetiléwá oṣù mẹ́ta torí wọ́n ti fẹ́ máa lọ sí Mexico, obìnrin yìí ò kàn kó ìwé lé e lọ́wọ́. Ó ní kó sọ fún bàbá àti màmá ẹ̀ pé òun ń bọ̀ nílé, ó sì lọ lóòótọ́, ó bá wọn sọ̀rọ̀ pé kí wọ́n jẹ́ káwọn ọmọ dúró sójú kan. Wọ́n gbọ́ sí i lẹ́nu, wọ́n fìdí kalẹ̀ sí Stockton. José di ẹnjiníà, NASA, àjọ Amẹ́ríkà tó ń rán èèyàn lọ sójú sánmà, kọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mọkànlá, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wá gbà á ní 2004.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo òbí ló lè dúró o, ebi ò gbà bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń kan sáárá sáwọn tó ń ṣiṣẹ́ nínú Migrant Education Program, ètò ẹ̀kọ́ fáwọn ọmọ alágbàṣe oko tó ń ṣí kiri, tí ìjọba Amẹ́ríkà dá sílẹ̀ ní 1966. Àwọn yẹn máa ń lọ wá ọmọ dé inú oko àti àgọ́ àwọn òṣìṣẹ́, láti ọmọ ọdún 3 títí dé 21, wọ́n á bá a wá ìwé tó fi sí sùkúù àtijọ́, wọ́n á ṣe lẹ́sìn fún un nígbà họ́lídè. Ètò míì tó ń jẹ́ CAMP (College Assistance Migrant Program) ní tiẹ̀ ti wà láti 1972, àwọn ló ń dúró ti irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lọ́dún àkọ́kọ́ ní yunifásítì, ọdún tó le jù lójú tèmi.

Ẹ̀yin tíṣà tírú ọmọ yìí ṣẹ̀ṣẹ̀ dé kíláàsì yín láàárín táàmù, ẹ dákun, ẹ pe sùkúù tó ti ń bọ̀. Ẹ má sì ránṣẹ́ pe òbí ẹ̀ láago mẹ́wàá àárọ̀, torí wọn ò ní sanwó fún un fún wákàtí tí ò sí lóko. Ìrọ̀lẹ́ ni kẹ́ ẹ lọ bá a.